Òkè Ìdáàṣà ni odi wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ tán

Ọ̀rọ̀ odi ológun ni a gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dópin.

Bí àlejò bá dé Kútọ̀nù, tó ní òun fẹ́ rí odi ológun ayé àtijọ́, Ouidah ni wọn yóò mú un lọ. Wọn yóò fi odi àwọn Potogí hàn án, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1721, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Wọn yóò sọ fún un bí ìjọba Pọ́túgà ṣe di ilẹ̀ kékeré náà mú gírígírí títí di 1961, nígbà tó ti pé ọdún kan tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Gbogbo rẹ̀ dára. Ìbéèrè tiwa ni pé, ta ni odi yẹn dáàbò bò? Ọjà àwọn òyìnbó ló ń ṣọ́, àwọn èèyàn tiwa sì wà lára ọjà náà. Ẹni tí wọ́n mú ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn títí dé etí òkun, kò lè pe ibẹ̀ ní odi.

Odi tó dáàbò bo èèyàn wà. Ìdáàṣà ló wà. Kò ní ìbọn àgbá, kò ní ilẹ̀kùn, òyìnbó kankan kò sì kọ́ ọ. Ẹlẹ́dàá ló gbé e kalẹ̀, àwọn baba wa ló mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Kútọ̀nù lọ sí Parakou rí mọ ibi tí à ń wí. Láti etí òkun títí kọjá Bohicon, ilẹ̀ náà tẹ́, oko àti ọ̀pẹ ni ojú ń rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rìn tó nǹkan bí 200 kìlómítà, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí láàrin oko. Àwọn kan rí bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀, àwọn kan sì rí bí ìkòkò tí èèyàn tò léra. Àwọn Fọ̀n ló ń pe ìlú náà ní Dassa-Zoumè, ìyẹn ni pé inú igbó Dásà. Igbó Ìdáàṣà ni àwọn onílé ń pè é. Wọ́n ní òkè 41 ló wà níbẹ̀. A kò tíì rí ẹni tó jókòó kà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àṣà agbègbè yìí mọ̀ pé 41 kì í ṣe iye lásán. Bí àgbà bá dárúkọ rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà pọ̀, ó sì lọ́wọ̀.

Ẹ wo ibi tí ìlú náà wà. Odò Zou wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Wẹ̀mẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn. Ní gúúsù ni Àgbómè, olú-ìlú Dàhọ̀mì. Àwọn Mahi ti Savalou wà lápá kan, Ṣábẹ̀ẹ́ wà lápá kejì, àwọn Bàrùbá sì wà lókè ní àríwá. Ẹnu ààlà gan-an ni Ìdáàṣà jókòó sí. Ọmọ Jagun ni wọ́n ń pe ìdílé ọba ibẹ̀, nítorí Jagun Ọlọ́fin tí wọ́n kà sí baba ńlá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ò nílò ògbufọ̀ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì lágbára, Dàhọ̀mì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, ẹ̀rù sì ń bà á láti fọwọ́ kan gbogbo ibi tó bá wù ú. Ní nǹkan bí 1823 ni ọba Ghezo jáwọ́ nínú sísan án. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ fi tú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ti di ẹran tí kò ní darandaran. Ghezo àti ọmọ rẹ̀ Glele ń wá ẹrú tí wọ́n máa tà sí òkè òkun. Nígbà tí ọjà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí tutù, wọ́n ṣì ń wá èèyàn tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ lágbègbè Àgbómè. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ogun wọn máa ń jáde. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà lọ ní 1864. Wọ́n pa Ìṣàgá run ní 1862. Ìdáàṣà kò jìnnà sí wọn bí Abẹ́òkúta ṣe jìnnà. Ẹni tó bá jí ní Àgbómè lè rin dé ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Báwo wá ni òkè ṣe ń jagun? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí pé àwọn ọmọ wa rò pé sísá gun òkè jẹ́ ojo. Kì í ṣe ojo rárá.

Ogun Dàhọ̀mì kì í lu ìlù wọlé. Wọ́n máa ń rìn lóru, wọ́n á yí ìlú ká, wọ́n á wá bọ́ sílé àwọn èèyàn ní ìdájí, nígbà tí wọ́n ṣì ń nu oorun kúrò lójú. Kì í ṣe pípa ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, kíkó ni. Òkú kò ṣeé tà. Ohun tí ìlú kékeré nílò jù lọ nígbà náà kì í ṣe ìbọn, àkókò ni. Wákàtí kan péré, kí ìyá lè pọn ọmọ, kí wọ́n lè gbé arúgbó, kí wọ́n lè tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí àpáta lè rí eruku ẹsẹ̀ àti èéfín iná láti ọ̀nà jíjìn, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun igbó tán. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òkè ló ń wí i tẹ́lẹ̀ fún wọn.

Bí ọ̀tá bá sì dé ẹsẹ̀ òkè, ìjà ti yí padà. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Lójú ọ̀nà tóóró láàrin àpáta méjì, ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó wà níwájú. Ó ní láti fi ọwọ́ kan di òkúta mú, ìbọn ṣakabùlà sì wà ní ọwọ́ kejì. Bó bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ní láti dúró kó tún ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. Ẹni tó wà lókè kò nílò ẹ̀tù. Òkúta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títì ló kàn máa tì í. Ihò tún wà lábẹ́ àwọn àpáta ńlá tó fara ti ara wọn, ibi tí wọ́n lè kó ọmọdé àti aláìsàn sí. Kò sí ẹni tó máa mú ọmọ ìkókó dé ojú ìjà, kò sì sí ẹni tó máa fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú odi yìí, àléébù náà sì tóbi. Omi ni. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá ń bọ̀, àsìkò yẹn náà ni òkè máa ń gbẹ. Òjò máa ń dúró sínú kòtò orí àpáta, àmọ́ nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún, oòrùn á ti lá a tán. Nítorí náà, ìdílé tó bá máa pẹ́ lókè ní láti mọ ibi tí omi ti ń sun lábẹ́ àpáta, tàbí kí wọ́n ti gbé ìkòkò omi àti oúnjẹ pa mọ́ kí ogun tó dé. Lójú tiwa, ìmọ̀ yẹn ni ìbọn àgbá Ìdáàṣà. Ẹni tó bá mọ ojú omi ló mọ bí odi ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀tá náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ogun tó dó sí ẹsẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ jẹun, ó sì gbọ́dọ̀ padà sílé nígbà tí ọba bá fẹ́ ṣe ọdún ńlá rẹ̀ ní Àgbómè. Ebi tòkè àti ebi tìsàlẹ̀ ló ń bá ara wọn jà.

Kì í ṣe ìtàn ẹnu lásán ni pé òkè ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Robert Norris, oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó dé Dàhọ̀mì ní 1772, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1789 pé àwọn Mahi, tí àwa àti àwọn jọ jẹ́ aládùúgbò, gun òkè kan, ogun ọba Dàhọ̀mì sì dó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù. John Duncan, ará Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, gba ilẹ̀ olókè tó wà ní àríwá Àgbómè kọjá ní 1845, ó sì rí àwọn ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Àwọn àlejò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa, àmọ́ ojú wọn ríran.

Ìlú tí odi amọ̀ nìkan ni tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ti Kossola. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, Cudjo Lewis ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ogun Dàhọ̀mì kó ìlú rẹ̀ ní 1860. Nígbà ogbó rẹ̀, ó ròyìn rẹ̀ fún òǹkọ̀wé obìnrin kan, Zora Neale Hurston: bí wọ́n ṣe dé ní ìdájí, bí àwọn obìnrin ajagun ṣe wà láàrin wọn, bí àwọn tó sá jáde láti ẹnubodè ṣe ń kó sí wọn lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe bẹ́ orí ọba wọn. Wọ́n mú un dé Ouidah, wọ́n tà á, ọkọ̀ ojú omi Clotilda sì gbé òun àti nǹkan bí 110 èèyàn lọ sí Alabama. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ kò jáde títí di 2018. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ odò. Òpìtàn Sylviane Diouf, tó ṣèwádìí nípa wọn, gbà pé agbègbè Bàǹtẹ̀ ni Kossola ti wá, láàrin àwọn ará wa Ìṣà. Bàǹtẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìdáàṣà mọ̀ pé kò jìnnà. Ìlú Kossola ní odi, ó ní ju ẹnubodè kan lọ. Ẹnubodè ni wọ́n ṣọ́ dè wọ́n.

Kétu náà ní odi, odi tó dára. Yàrà jíjìn àti ògiri amọ̀ yí i ká, ẹnubodè Akaba Ìdẹ̀nà sì wà níbẹ̀ dòní, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Dàhọ̀mì wọ Kétu ní 1883, wọ́n tún padà dó tì í títí ó fi ṣubú ní 1886. Wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómè. Ìgbà tí ogun Faransé lábẹ́ Dodds ti ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, tí wọ́n wọ Àgbómè ní oṣù kọkànlá 1892, ni àwọn tó kù tó rí ọ̀nà padà wálé tún ìlú wọn kọ́.

A kò ní parọ́ fún yín pé òkè kò jẹ́ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni ní Ìdáàṣà. Wọ́n mú wọn. Àwọn tó wà lóko, àwọn tó wà lójú ọ̀nà ọjà, àwọn tí ogun ká mọ́ ibi tí wọn kò ti lè sá. Àmọ́ ìlú náà ṣì wà níbi tó wà, èdè Ìdáàṣà ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́. Ní ibi tó súnmọ́ Àgbómè tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Òkè nìkan kọ́ ni ilẹ̀ fi gba àwọn èèyàn wa. Ọ̀họ̀rí ní ẹrẹ̀ dúdú. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àbàtà ibẹ̀ jà fún wọn bí òkúta ṣe jà fún Ìdáàṣà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun wá rèé. Ní 1985 ni wọ́n ti kọ ààfin àwọn ọba Àgbómè sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO. Ní Agongointo, lẹ́bàá Bohicon, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà ní 1998, wọ́n já lu àwọn ilé abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń lò. Kíá ni wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìbẹ̀wò. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá nǹkan ọba Àgbómè 26 padà, èyí tí Dodds kó lọ. Àwọn èèyàn tú yááyáá wò wọ́n. Ní oṣù keje 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin ajagun Dàhọ̀mì ní Kútọ̀nù, 30 mítà ni gíga rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fíìmù nípa àwọn obìnrin náà, tí Ọ̀yọ́ wá di òṣìkà inú rẹ̀.

A kò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó ní ohun ẹwà, kó fi hàn. Àwọn obìnrin yẹn gbójú lóòótọ́, Abẹ́òkúta pàápàá jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ère yẹn gbé ìbọn àti idà dání, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Ta ló ń wò? Àwọn tí wọ́n gbé ìbọn yẹn lọ bá ní orúkọ, wọ́n ní ìlú, àwọn ọmọ wọn sì ń san owó orí fún ìjọba kan náà tó gbé ère dúró. Àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tó sì dá a, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọ ilé-ìwé bá lọ wo ìtẹ́ Ghezo ní òwúrọ̀, ó yẹ kí ibì kan wà tó lè lọ ní ọ̀sán láti rí ibi tí ọmọ ìkókó sùn sí nígbà tí ogun Ghezo ń bọ̀. Bohicon sí Ìdáàṣà, ọ̀nà ọ̀dà ni, wọn kò ní sùn lọ́nà.

Àwọn kan yóò ní kí a má tú egbò. Wọ́n ní Fọ̀n, Mahi àti Ìdáàṣà ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti bímọ fún ara wọn. Òótọ́ ni. Mahi wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdáàṣà fúnra rẹ̀, ní Paouignan, a sì jọ ń jẹ, a jọ ń mu. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, ogun kan náà ló lé Mahi àti Ìdáàṣà gun òkè. A kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé Yorùbá jẹ́ àgùntàn. Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhọ̀mì fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọ̀yọ́ ta ẹrú, àwọn Yorùbá ta Yorùbá. Kò sí ọmọ Fọ̀n kan lónìí tó jẹ wá ní gbèsè. Ìtàn la ń bèèrè, a kò bèèrè owó ìtanràn.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká wa lára ni pé àwọn òkè náà ń lọ. Wọ́n ń fọ́ wọn. Ẹni tó bá gba Ìdáàṣà kọjá yóò rí àwọn obìnrin tó jókòó lábẹ́ ìbòòji ewé ọ̀pẹ, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń kó o jọ sí òkìtì fún àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi àdó fọ́ àpáta náà wà. Òkúta tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà àti afárá gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá, a mọ̀. Ìyàwó ilé tó ń fọ́ òkúta kó lè rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san kì í ṣe ọ̀tá ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má lọ pariwo lé e lórí. Òòlù rẹ̀ kò lè jẹ òkè tán. Àdó lè jẹ ẹ́ tán.

Kì í ṣe gbogbo òkè ló ní ìtàn ogun. Òkè mìíràn, òkúta lásán ni, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà fún wa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ èyí tí wọ́n sá gùn àti èyí tí wọn kò sá gùn? Ìwé wo ni wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti gbé àdó síbẹ̀? Èyí ni ẹjọ́ wa pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀, kò sì le láti yanjú. Kí wọ́n kọ́kọ́ rìn àwọn òkè náà pẹ̀lú àwọn àgbà àti àwọn ọdẹ, kí wọ́n sàmì sí ibi tó lọ́wọ̀ àti ibi tí wọ́n sá sí, kí òfin sì dáàbò bò wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fọ́ èyí tó kù.

Ẹ má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Àrígbó, lẹ́sẹ̀ òkè nínú Ìdáàṣà, àwọn ìjọ Àgùdà ti tọ́jú ihò àpáta kan, wọ́n gbé ère Màríà síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń rìnrìn àjò wá gbàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Yálà ẹ jẹ́ Àgùdà tàbí ẹ kì í ṣe é, ẹ wò ó: ẹnikẹ́ni kò ní gbé àdó dé ibẹ̀, nítorí pé ó ní orúkọ, ó ní olùtọ́jú, ó ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀. Ní Camaté-Shakaloké náà, àwọn ará abúlé ti ń mú àlejò gun òkè. Òkè tó ní orúkọ kì í tètè kú.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin fi Olúmọ yangàn, ó sì tọ́. Àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1830, wọ́n sọ ìlú wọn ní Abẹ́òkúta nítorí rẹ̀, òkè náà sì wà nínú orin ìlú wọn. Ó ní àtẹ̀gùn, ó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ó ní ẹni tó ń gba owó ìwọlé. Òkè Ìdànrè náà, Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO. Ogun tó wá bá Olúmọ ní 1851 àti 1864, ibi kan náà ló ti gbéra pẹ̀lú èyí tó ń bá Ìdáàṣà jà. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ìlà kan. Láti ọjọ́ náà, Olúmọ wọ ìwé ìtàn Yorùbá, òkè Ìdáàṣà sì wọ ìwé ìtàn Dàhọ̀mì, níbi tí wọ́n ti kà á sí ibi tí ọba lọ kó èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn àti ní Èkó, tí ẹ bá dé orí ogun Dàhọ̀mì, ẹ má parí rẹ̀ sí odò Ògùn. Ẹ kọjá wá síbí.

Ní ti àwa tí a wà nílé, ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò tó dára jù láti gun òkè, koríko á ti jó, ejò á ti dínkù, ọ̀nà àtijọ́ á sì yọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù mú bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan tó ṣì lè sọ̀rọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè ìdílé wọn, kódà bí kò bá lè gùn ún mọ́, kó fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Ìdáàṣà, kí wọ́n má tú u sí Faransé lójú ẹsẹ̀. Orúkọ òkè náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ìdílé wo ló gun èwo? Ta ló ń ṣọ́nà, ohùn wo ló fi ń ké sí àwọn tó wà nísàlẹ̀? Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bèèrè èyí tó le jù, èyí tí àwọn baba wa fi pa mọ́ fún ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ àwọn ọmọ tiwọn náà lọ́wọ́: ní oṣù kejì, nígbà tí gbogbo kòtò orí àpáta bá ti gbẹ, níbo ni wọ́n ti ń pọnmi?